Kì Í Ṣe Ọwọ́ Ayé, Àkàbà Ni

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Bí ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ bísíkíìtì tàbí ìyẹ̀fun, ní Ìkẹjà tàbí Ọ̀tà, bá já bọ́ láti orí àkàbà, tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, kí ni a kọ́kọ́ máa ń sọ? "Ọwọ́ ayé ni." Àwa pásítọ̀ á kéde ààwẹ̀ ọjọ́ 3, ẹbí á dáwó ilé-ìwòsàn, ọ̀gá á fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́. Ó parí.

Ta ló gbé àkàbà lé ilẹ̀ tó kún fún òróró àti omi ọṣẹ? Ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kì í sábà gbẹ. Wọ́n ń fọ ẹ̀rọ, òróró ń ta sílẹ̀, ìyẹ̀fun ń kù sórí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí nǹkan bá há sẹ́nu ẹ̀rọ lókè, wọ́n á ní kí ọmọ kan sáré gùn ún lọ fi igi gún un: bàtà tó ti jẹ nísàlẹ̀, ọwọ́ kan lórí igi, ọwọ́ kan lórí àkàbà, kò sẹ́ni tó di ìdí rẹ̀ mú. Àkàbà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó yẹ kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Ṣánṣán ni wọ́n ń gbé e dúró, nítorí ẹ̀rọ ti gba gbogbo àyè. Ṣé ó dìgbà tí àjẹ́ bá ti ọmọ náà kó tó ṣubú?

Nínú Diutarónómì 22:8, onílé tí kò ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká ni Ọlọ́run ka ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ sí lọ́rùn. Kò kà á sí ẹni tó ṣubú lọ́rùn.

Ẹlòmíràn á ní, "Pásítọ̀, kásúà lásán ni ọmọ mi." Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ka kásúà àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, bí àdéhùn tilẹ̀ jẹ́ ti ẹnu. Ẹ fi ìjàm̀bá náà tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí. Ẹ béèrè owó náà kí ọdún 1 tó pé. (Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo mọ bí fáìlì ṣe ń sọnù: ẹ pa ẹ̀dà mọ́.) Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pé kí ẹ gba ìwọ̀nba owó, kí ẹ fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ má fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ kò lè bá agbanisíṣẹ́ ṣàdéhùn láti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí; òfin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́, tí ẹ ń jókòó níwájú nínú ìjọ wa, tí ìdámẹ́wàá yín kì í yẹ̀: èló ni àkàbà tuntun kan tó ní rọ́bà lẹ́sẹ̀?