Ṣé òótọ́ ni pé onílé ní Abidjan kò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù méjì caution àti oṣù méjì avance lọ? Ohun tí òfin sọ àti ohun tí ojú ń rí ní Yopougon

Àhesọ: Àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp àti Facebook pé òfin orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire kò gba onílé láyè láti gba ju owó oṣù méjì caution àti oṣù méjì avance lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn mìíràn fi kún un pé òfin yìí kan náà ló dá iye tí onílé lè gbà lóṣooṣù. Àwọn kan tún ní òfin náà kò kan àlejò.

Àbájáde ìwádìí: ÒÓTỌ́ ni ti àkọ́kọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ń ṢI ÈÈYÀN LỌ́NÀ. IRỌ́ ni ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé

Bí ẹ bá ti wá ilé rí ní Yopougon, ìbáà jẹ́ ní Sicogi, Niangon, Toits Rouges tàbí Gesco, ẹ mọ ìbéèrè tó máa ń wá sí ẹnu èèyàn kó tiẹ̀ tó rí yàrá náà: "Èló ni màá san kí n tó wọlé?" Owó oṣù nìkan kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà. Owó àtiwọlé gan-an ni wàhálà.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé èèyàn 1,571,065 ló ń gbé Yopougon. Kò sí ìlú kékeré mìíràn nínú Abidjan tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Iníṣà wá, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní Anango, wà lára àwọn tó ń yá ilé ní ìlú yìí. Ìdí nìyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ nípa "méjì-méjì" fi máa ń tàn kálẹ̀ bí iná inú ọyẹ́. Ẹni tó gbà á gbọ́ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ lè pàdánù owó. Ẹni tí kò sì gbà á gbọ́ rárá lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìfìdí òdodo múlẹ̀

Ní ti "méjì-méjì", òfin náà wà lóòótọ́. Òfin nọ́ńbà 2018-575 ti ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2018, tó dá lórí yíyá ilé gbígbé, ló gbé e kalẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún kó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé sínú òfin ńlá nípa ilé kíkọ́ àti ibùgbé, ìyẹn òfin nọ́ńbà 2019-576 ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2019. Onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju oṣù méjì caution lọ, kò sì gbọdọ̀ béèrè ju oṣù méjì avance lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́rin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣàlàyé ni pé owó méjèèjì yàtọ̀ síra. Avance jẹ́ owó ilé tí ẹ san sílẹ̀. Bí ẹ bá ti san oṣù méjì, ẹ kò tún gbọdọ̀ san owó ilé fún oṣù méjì àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọlé. Caution ní tirẹ̀ jẹ́ owó ìdúró. Ọwọ́ onílé ló wà, ṣùgbọ́n owó yín ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ó yẹ kó padà sọ́wọ́ yín, àfi tí ẹ bá jẹ owó ilé tàbí tí ẹ bá ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè san avance tán kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé láti oṣù àkọ́kọ́, tàbí kó kó jáde láìbéèrè caution rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó yàrá kan jẹ́ 60,000 fráńkì CFA lóṣù. Méjì-méjì yóò jẹ́ 240,000. Démarcheur tó mú yín lọ síbẹ̀ sábà máa ń gba owó oṣù kan fún iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn 60,000 mìíràn. Ó di 300,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Côte d'Ivoire jẹ́ 75,000 fráńkì láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Nítorí náà, bí onílé bá tiẹ̀ pa òfin mọ́, owó oṣù mẹ́rin gbáko ni òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò kó kalẹ̀, láìjẹ, láìmu, láìwọ gbáká. Bí onílé bá wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lòun fẹ́, gbogbo rẹ̀ di 420,000.

Ní ti pé òfin náà ló dá iye owó oṣù, ibí ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Owó àtiwọlé ni méjì-méjì fi ààlà sí. Kò sọ pé yàrá kan ní Yopougon gbọdọ̀ jẹ́ iye báyìí. Ohun tí òfin ọdún 2018 tún sọ ni pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n lè tún owó ilé gbé yẹ̀ wò. Onílé tó bá fi owó kún un ní gbogbo oṣù Kìíní ń ṣe ohun tí òfin kò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n onílé tó bá ń wá ayálégbé tuntun lè bẹ̀rẹ̀ láti iye tó ga jù ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde lọ, kó sì tún pa méjì-méjì mọ́.

Ní ti àlejò, onílé àti ayálégbé ni òfin náà ń bá wí. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí ayálégbé. Ìkànìyàn ọdún 2021 yẹn kan náà sọ pé nínú èèyàn bíi mílíọ̀nù 29 tó wà ní Côte d'Ivoire, ó ju mílíọ̀nù 6 lọ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí pé ẹ jẹ́ Anango, oṣù mẹ́rin kò kàn yín.

Kí ló dé tí òfin kò fi múlẹ̀?

Ìdáhùn kúkúrú ni pé ilé kò tó. Àwọn tó mọ ìtàn Yopougon mọ̀ pé ìjọba ló kọ́ apá púpọ̀ nínú rẹ̀. SICOGI, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, àti SOGEFIHA kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò pọ̀, débi pé orúkọ àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì di orúkọ àdúgbò títí dòní. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, ìjọba fà sẹ́yìn, wọ́n sì tú SOGEFIHA ká. Èèyàn ń wọ Abidjan lójoojúmọ́, ilé tí ìjọba ń kọ́ kò sì bá wọn mu mọ́. Lẹ́yìn ọdún 2011, ìjọba Ààrẹ Alassane Ouattara kéde ètò 60,000 ilé. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ fúnra wọn ti sọ pé ilé tó kù káàtó ní orílẹ̀-èdè náà lé ní 400,000.

Níbi tí èèyàn mẹ́wàá bá ti ń du yàrá kan, onílé ni yóò yan ẹni tó wù ú. Bí ẹ bá ka òfin sí i létí, ó lè ní kò burú, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó wà lẹ́yìn yín lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024 jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ yé wa. Ìjọba agbègbè Abidjan, lábẹ́ gómìnà Ibrahim Cissé Bacongo, wó ilé ní Gesco ní Yopougon àti ní àwọn ibòmíràn bíi Boribana. Wọ́n ní àwọn ibẹ̀ léwu, pàápàá nígbà òjò. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀, ìjọba kéde ìrànwọ́ 250,000 fráńkì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi owó yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìṣirò wa. Tí ìdílé náà bá rí ilé 60,000, méjì-méjì ti gba 240,000. Ó ku 10,000 tí wọn yóò fi san owó démarcheur, tí wọn yóò fi kó ẹrù, tí wọn yóò sì fi jẹun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba dá ilé wíwó dúró. Àwọn tí ilé wọn ti wó kò bá èyí rí nǹkan gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Abidjan nìkan. Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Ikoyi, Victoria Island, Apapa àti GRA Ikeja sílẹ̀. Ẹ bi ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní Èkó bóyá ọdún kan péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Australia, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò gbà kí onílé fi owó kún owó ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ọ̀rọ̀ owó ilé ṣì ń mú àwọn ará ibẹ̀ láyà pami. Òfin lè dáàbò bo ẹni tó ti rí ilé. Òfin nìkan kò lè kọ́ ilé.

Kí ni ẹ lè ṣe?

Ẹ gba ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí iye caution àti iye avance hàn níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo owó. Tí ẹ bá fi fóònù sanwó, ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀.

Kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, ẹ ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ omi. Fọ́tò yẹn ni yóò gbèjà caution yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ilé tí ẹ kò tíì fojú rí, bí démarcheur ṣe wù kó máa kán yín lójú tó.

Bí onílé bá fẹ́ lé yín jáde, ẹ rántí pé ilé ẹjọ́ ló lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ yín síta fúnra rẹ̀.

Ní àkótán

Òótọ́ ni pé òfin Côte d'Ivoire fi oṣù méjì caution àti oṣù méjì avance ṣe òpin ohun tí onílé lè béèrè, ó sì kan ọmọ onílẹ̀ àti àlejò. Kì í ṣe òótọ́ pé òfin yìí ló dá iye owó oṣù. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá tún dé orí fóònù yín, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín caution àti avance kún un, torí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn ti ń sọnù.