Bí A Ti Í Mọ Ilé Dókítà Tí Ó Dára

Ọ̀rọ̀ ilé dókítà ni mo bá wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ẹwà ilé ni púpọ̀ nínú wa fi ń mọ èyí tí ó dára. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ mi ọkùnrin kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí ara rẹ̀ gbóná ní òru ọjọ́ kan. Ilẹ̀ mọ́, mo pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò wa. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bí dígí, tẹlifíṣàn sì ń sọ̀rọ̀ lára ògiri. Dókítà kò tíì fi ọwọ́ kan ọmọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó ní, "Ibà ni, Màmá, ẹ má fòyà." Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gún un. Ẹnikẹ́ni kò gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kẹrin, ara ọmọ ṣì ń jó bí iná.

Ìyá ọkọ mi ni ó wí pé, "Ìyàwó mi, gbé ọmọ yìí ká lọ sí ibòmíràn." Ibi tí a lọ, bẹ́ńṣì onípákó ni wọ́n ní, ọ̀dà ara ògiri sì ti ń ṣí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ kí ó tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó gún un ní orí ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike kékeré kan. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, èsì jáde: kò sí ibà. Dókítà fi iná wo etí rẹ̀, inú etí ti wú, ó ti pọ́n. Oògùn olómi ni ó kọ fún wa. Alhamdulillahi, ọmọ sùn ní òru ọjọ́ kejì, èmi náà sùn.

Láti ọdún 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà. Ìwọ̀n ọmọdé ni a sì fi ń mọ iye oògùn tí yóò lò, bí a kò bá wọ̀n ọ́n, àfojúsùn lásán ni. Ibà tí kò bá le, oògùn gbígbé mì ni ti rẹ̀, èyí tí ó bá le ni a ń gún ní abẹ́rẹ́. Àwa ìyá náà lẹ́bi níbẹ̀ o: bí dókítà kò bá fún wa ní abẹ́rẹ́, a ó ní kò mọ iṣẹ́.

Bí ẹ bá mú ìyá arúgbó lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ wo bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán, tàbí tí ó ń bá akọ̀wé jà nítorí káàdì, bí wọ́n bá rí 140 lórí 90 lára rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n.

Ẹ̀yin obìnrin, èyí kàn yín. Bí dókítà bá jẹ́ ọkùnrin, tí àyẹ̀wò sì jẹ́ ti abẹ́ aṣọ, ẹ ní kí wọ́n fa aṣọ ìkélé, kí nọ́ọ̀sì obìnrin sì dúró tì yín. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí èyí, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 ní kí a bọ̀wọ̀ fún aláìsàn láìwo ẹ̀sìn rẹ̀, kí a sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Mo ti gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ké sí gbogbo èrò pé, "Ta ni ó wá yẹ oyún wò?" Ọmọge kan dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò padà.

Òfin ìlera ti ọdún 2014 tún wà. Ó ní kí a ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú àti owó rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tí ó yé e níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ má tijú láti sọ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́." Òfin kan náà kò gbà kí a lé ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì padà fún ohunkóhun, ìbá à ṣe nítorí owó: ìtanràn ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo padà sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, kì í ṣe láti jà. Mo bi dókítà náà pé kí ló dé tí kò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá, àwọn ìyá kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò."

Mo ní, "Dókítà, ẹ kò bi mí."