Ẹrù Owó Ni Ìjọba Gbà Lórí Òbí, Kò Gba Ẹrù Ọmọ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ fún wa ní etí yín. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹrù owó ni ó gbà lórí òbí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé kíláàsì mẹ́ta ìsàlẹ̀ ilé-ìwé girama, ó sì sọ ọ́ di dandan fún òbí pé kí ọmọ rẹ̀ lọ, kí ó sì parí. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó gba ẹrù ọmọ kúrò lọ́rùn ẹni tí ó bí i.

Ní kíláàsì mẹ́ta yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọnù. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ni ó ń kọ́ ọmọ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó mọ èyí tí ń tòògbé, ó mọ èyí tí ebi ń pa. Ní girama, olùkọ́ ìṣirò yóò wọlé, agogo yóò lù, yóò jáde. Ti Gẹ̀ẹ́sì yóò wọlé, òun náà yóò jáde. Olúkúlùkù mọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ilé nìkan ni ó kù tí a ti lè rí ọmọ náà lódindi.

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀: "Èmi kò mọ ìwé, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ?" Ẹ mú ọmọ yín jókòó lálẹ́, kí ẹ ní kí ó fi èdè Yorùbá ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí. Èyí tí ó yé e, yóò rò ó fún yín. Èyí tí ó há sórí lásán, ibẹ̀ ni yóò ti máa kólòlò. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan fún odindi ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìyá tí ó gbọ́ Yorùbá kò ṣàìní irinṣẹ́ olùkọ́.

Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tí kò mọ ìwé pàápàá mọ ojú ewé tí ó ṣófo, ó sì mọ ibi tí bíírò pupa ti fa igi. Ẹ fún un ní wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́, kí iná tàbí àtùpà sì wà níbẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá kiri ọjà di alẹ́, tí arákùnrin rẹ̀ jókòó ti ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé olórí kunkun ni nígbà tí èsì ìdánwò bá dé. Ẹ lọ rí àwọn olùkọ́ kí táámù tó parí. Ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ ẹjọ́ pè yín.

Ohun kan burú ju àìbìkítà lọ: òbí tí kò bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí ó wá ń wá owó magomágo kiri nígbà tí ìdánwò dé. Ẹ̀kọ́ tí òbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀, kò sí olùkọ́ tí yóò lè pa á rẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé ni Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí a kọ́ ọ tán, kí a wá fi lé ọwọ́ ẹni tí yóò tà á.