Ìlù Nìkan Kò Tó ní Kraków

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ ayẹyẹ àṣà àwọn Júù ní ìlú Kraków, ní ilẹ̀ Póláǹdì, yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1988 ni Janusz Makuch àti Krzysztof Gierat dá ayẹyẹ náà sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe Júù. Àdúgbò Kazimierz, tí àwọn Júù ti fi ṣe ibùgbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, ni orin, àsọyé àti ẹ̀kọ́ èdè ti ń wáyé, nínú àwọn sínágọ́gù àtijọ́ àti ní ìta gbangba.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí 60,000 Júù ni ó wà ní Kraków, bí ẹnì kan nínú ará ìlú mẹ́rin. Ní 1941, ìjọba Násì ti Jámánì kó wọn sí àhámọ́ ní òdìkejì odò; kí ogun tó parí, wọ́n ti pa èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn.

Àwọn kan ń bèèrè pé, kí ni ìlù ń ṣe nínú ilé tí onílé ti kú? Ní tiwa, a kí àwọn olùdásílẹ̀ náà kú iṣẹ́, nítorí ìgbàgbé burú ju ìlù lọ. Ṣùgbọ́n ìlù nìkan kò tó. Ní 1968, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ṣàkóso Póláǹdì fúnra rẹ̀ ni ó dìde sí àwọn Júù tí ó ṣẹ́kù, tí àwọn tí ó lé ní 10,000 fi ṣí kúrò nílùú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 pẹ̀lú, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé ẹni tí ó bá di ẹrù ẹ̀bi àwọn Násì lé orílẹ̀-èdè Póláǹdì lórí lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ariwo ta, wọ́n sì yọ ẹ̀wọ̀n kúrò ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Òtítọ́ ni pé Jámánì ni ó kọ́ àwọn ibùdó ikú, àti pé ọ̀pọ̀ ará Póláǹdì fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti gba Júù là. Òtítọ́ náà sì ni pé ní Jedwabne, ní 1941, àwọn ará Póláǹdì pa àwọn Júù aládùúgbò wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ẹni tí ó bá fi ìdajì ìtàn kọ́ ọmọ ti ṣì í lọ́nà.

Kí ayẹyẹ náà máa gbèrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jó níbi ìsìnkú, ó yẹ kí ó mọ orúkọ òkú, kí ó sì mọ ohun tí ó pa á.