Ẹ̀gẹ́ kan, owó méjì

Ọmọ Kétu ni Ìmẹ̀kọ. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń ro, ẹ̀gẹ́ tó ta lóko Ìmẹ̀kọ kò sì mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹ̀gẹ́ Kétu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, tí wọ́n fa ìlà sórí ìwé. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ láti ìgbà náà. Ìjọba ló yàtọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi odindi ìwé kan tó jáde ní 1976 gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ Faransé, iṣẹ́ ọ̀ranyàn àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kọjá ààlà wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Níhìn-ín, kòkó gbilẹ̀ lágbègbè Ìlaròó, ojú irin sì yà dé Ìdógò. Lọ́hùn-ún, ọ̀pẹ ni Faransé gbájú mọ́. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pọ́bẹ̀, ibùdó náà sì wà níbẹ̀ dòní.

Lóde òní, owó ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá òyìnbó ń ṣe nígbà náà. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kétu, tó wà lórílẹ̀-èdè Benin báyìí, so mọ́ yúrò láti 1999: sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan, kò lọ sókè, kò sá wálẹ̀. Náírà kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bíi náírà 460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Alájàpá tó ń ná ọjà ẹnubodè kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Bó bá bi ìyá tó ń ta gàrí léèrè pé, "Ìyá, eélòó ni kóńgò?", ìyá náà á kọ́kọ́ bi í bóyá náírà ló fẹ́ san ni àbí sẹ́fà. Gàrí àti àgbàdo a máa rìn lọ síbi tí owó bá ti le. Bí náírà ṣe ṣubú báyìí, oúnjẹ doríkọ ìwọ̀ oòrùn.

Àmọ́ ìrẹsì, ìlà oòrùn ló máa ń kọrí sí. Benin, tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù 11 lọ nígbà náà, ra ìrẹsì tó lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Thailand ní 2017. Ikùn ta ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ wọ̀? Ẹni tó bá ti jẹun ní Èkó rí mọ ìdáhùn. Aláàárù ni èbúté Kútọnu ní Benin nínú òwò náà: ó gbẹ́rù lórí omi, ó gba owó ibodè tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa. Láti 2016 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba orí ilẹ̀ kó ìrẹsì wọlé mọ́. Fàyàwọ́ kò torí ìyẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà igbó ló gbà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti gbogbo ẹnubodè pa. Sẹ̀mẹ̀ ṣí padà ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìdírókò, tó wà nílẹ̀ Yewa gan-an ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ohun tó dun ará ibí jù tún wá lẹ́yìn títì náà: ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àṣẹ jáde pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Epo ni ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ń mu. Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo àgbẹ̀ lọ́wọ́ ìrẹsì Thailand wá pa iná ẹ̀rọ gàrí àgbẹ̀ náà.

Kò pé ọdún márùn-ún sígbà tí wọ́n ti ẹnubodè tí oúnjẹ fi gbówó lórí, tí Abuja yí ohùn padà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn kéde pé àgbàdo, ìrẹsì tí wọn ò tíì họ tán, àlìkámà àti ẹ̀wà lè wọlé fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn aṣọ́bodè ń lé ọkọ̀ tó ń kó ọkà jáde. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba fẹ́ kí òun gbìn á kọ́kọ́ tọ babaláwo lọ ná.

Thailand tí gbogbo wa ń bá jà yìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà lágbàáyé: nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Thailand kò ju bí ìdajì ìyẹn lọ, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Síbẹ̀ òun ni ọ̀gá nínú títa á sókè òkun, tó ń kó èyí tó gbẹ àti sítáàṣì rẹ̀ lọ fún Ṣáínà. Hẹ́kítà kan lọ́dọ̀ wọn ń mú nǹkan bíi 20 tọ́ọ̀nù wá. Tiwa kì í pé 10. Ọ̀rọ̀ irúgbìn àti ajílẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kókó jù lójú ẹni tó ń kọ èyí ni òṣùwọ̀n. Ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ bà jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti wú u, nítorí náà, ní Thailand, ibi tí wọ́n ti ń sá a àti ilé iṣẹ́ tó ń rà á kì í jìnnà sóko. Bí ọkọ̀ bá dé, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sítáàṣì inú rẹ̀ tó 25 nínú 100, iye tó bá sì jẹ́ ni wọ́n á fi dá owó àgbẹ̀. Ẹni tó bá gbin ẹ̀gẹ́ tó dára ń rówó dáadáa gbà. Nílẹ̀ Yewa, ojú ni wọ́n fi ń wo oko ẹ̀gẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń dúnàá-dúrà, ẹni tó ní ọkọ̀ ló sì máa ń borí.

A kò tiẹ̀ ní láti rìn dé Thailand. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Benin ti fòfin de kíkó kajú tútù ránṣẹ́ sókè òkun. Kí òfin náà tó múlẹ̀, wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ ọ sí Glo-Djigbé lẹ́bàá Kútọnu. Òfin náà ní wàhálà tirẹ̀, torí pé bí àwọn tó lè ra ọjà bá dín kù, àgbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́lé kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn. Nàìjíríà ṣì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú kajú rẹ̀ lọ fún Vietnam àti Íńdíà bó ṣe já lórí igi, ó sì ń ti ilẹ̀kùn ilé tí kò tíì kọ́.

Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn sí Ayétòrò. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń wọn sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ kò jìnnà sóko rárá. Òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ènìyàn lè rí, ibi ìrin ẹ̀gẹ́ tó ní iná mànàmáná tirẹ̀ kó má baà wojú epo, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà láti Ìmẹ̀kọ wá láìdúró níwájú igi ọlọ́pàá ní gbogbo ìsọdá: ibẹ̀ ló yẹ kí owó ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́kọ́ lọ. Bí àgbẹ̀ Kétu bá gbọ́ pé wọ́n ń fi òṣùwọ̀n sanwó ní Ayétòrò, yóò di ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é ní fàyàwọ́.