Ẹ̀bùn Ọmọ Tálákà Kò Gbọdọ̀ Ṣòfò

Àwọn àgbà wa ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ìtàn Bob Gibson, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ó di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, jẹ́rìí sí i. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin olóṣèlú kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska ni a gbé bí i ní ọdún 1935. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìbí rẹ̀ ni baba rẹ̀ kú. Ilé ìfọṣọ ni ìyá rẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ láti bọ́ ọmọ méje, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Ọmọ náà kò lera: eegun rẹ̀ kò le tó, ikọ́ fée sì ń bá a jà.

Ènìyàn ni ó gbé e dìde. Josh ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó fi ọdún 15 jù ú lọ, di baba fún un. Ó ń kó àwọn ọmọkùnrin àdúgbò jọ, ó ń kọ́ wọn ní eré, kò sì gba ìmẹ́lẹ́ fún àbúrò rẹ̀. Ìjọba pàápàá lọ́wọ́ sí i, nítorí ọgbà Logan Fontenelle, tí a fi owó ìjọba kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù, ni ìdílé náà ń gbé. Nígbà tí ó fẹ́ lọ sí yunifásítì, ti Indiana kọ̀ ọ́, wọ́n ní iye adúláwọ̀ tí àwọn ń fẹ́ fún bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti pé. Yunifásítì Creighton ní Omaha ni ó gbà á, tí ó sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù náà.

Ní ọdún 1957, ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis mú un. Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù ni kí ó ju bọ́ọ̀lù kọjá ẹni tí ó mú kóńdó dání, kí onítọ̀hún má lè lù ú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1968, nínú ìfagagbága àṣekágbá, ìgbà 17 ni Gibson ṣe báyìí lé àwọn ará Detroit kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. Agbára àwọn ajubọ́ọ̀lù pọ̀ lọ́dún náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi bẹ́ òkìtì tí wọ́n ń dúró lé wálẹ̀ ní ọdún 1969, láti íǹṣì 15 sí 10. Ní ọdún 1981 a kọ orúkọ Gibson mọ́ ti àwọn akọni eré náà. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Àwọn kan yóò wí pé orí rere ni ó gbé e. A kò bá orí jà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀gbọ́n yẹn, bí ilé-ẹ̀kọ́ kejì bá sì ti ilẹ̀kùn bí ti èkíní, ọ̀nà wo ni orí ì bá gbé e gbà? Àwọn mìíràn ní ìyà ni ó ń sọ ọmọ di akin. Irọ́ gbáà ni. Ìyà kan náà jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Àwọn tí ó là á já nìkan ni ìwé ń ròyìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó ń sùn ní kíláàsì nítorí pé ó ti kiri ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má ṣe kà á sí ọ̀lẹ kí ẹ tó bèèrè ohun tí ń bẹ ní ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ẹ dìbò fún bá ń ka iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹ bi wọ́n léèrè iye ọmọ aláìníbaba tí wọ́n sanwó ilé-ìwé rẹ̀, àti pápá ìṣeré tí wọ́n là fún àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù. A kò lè fi ojú lásán mọ ọmọ tí ẹ̀bùn wà lára rẹ̀; gbogbo wọn ni kí a tọ́jú.