Ẹ Jẹ́ Kí Àwa Ọmọ Di Báàgì Wa Fúnra Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ sọ kí ìsinmi Àjíǹde tó dé. Nílé wa, a ti ń múra láti lọ sí Swítsàlandì, Interlaken la máa dé sí. Èrò tèmi ni pé ọmọ tó bá ti tó gbé báàgì ti tó di báàgì. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa sọ pé, "Kí ló mọ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná.

Tí màmá mi bá fẹ́ di ẹrù, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé oṣù wo la wà. Tó bá ti jẹ́ oṣù kẹrin, wọ́n á ní òtútù ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ní ìlú olókè, oṣù nìkan kọ́ ló ń sọ bí òtútù ṣe máa pọ̀ tó, bí ẹ ṣe gòkè tó náà wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá gòkè ní 1,000 mítà, ooru máa ń dín kù ní nǹkan bíi dígírì 6 tàbí 7. Interlaken wà ní nǹkan bíi 570 mítà. Ibùdókọ̀ ojú irin Jungfraujoch, tí wọ́n ṣí ní 1912, wà ní 3,454 mítà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tó bá jẹ́ dígírì 15 nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ dígírì 4 sí ìsàlẹ̀ òdo lókè, lọ́jọ́ kan náà! Òdòdó ń tanná nísàlẹ̀, yìnyín ṣì bo òkè.

Nítorí náà, kóòtù ńlá kan ṣoṣo ò lè ṣe é. Tó o bá wọ̀ ọ́, òógùn á bò ẹ́. Tó o bá bọ́ ọ, òtútù á mú ẹ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ téèyàn lè wọ̀ léra ló dáa: àwọ̀tẹ́lẹ̀, swẹ́tà, àti jákẹ́ẹ̀tì tí òjò ò lè wọnú ẹ̀. Kí àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà má jẹ́ kọ́tìn o, torí kọ́tìn máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Wàyí o, ta ló mọ swẹ́tà tó máa ń yún mi lọ́rùn? Èmi ni. Ta ló mọ̀ pé bàtà ọdún tó kọjá ti ń há mi lẹ́sẹ̀? Èmi náà ni. Tí ẹlòmíì bá bá mi di í, orí òkè la máa tó mọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí. Àwọn àgbà wa kan máa ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò nílò ìpara oòrùn. Òótọ́ ni pé awọ wa ń dáàbò bò wá díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pátápátá, kò sì sí awọ tó bo ẹyinjú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìtànṣán UV ń fi nǹkan bíi 10 nínú 100 lé sí i ní gbogbo 1,000 mítà téèyàn bá gòkè. Yìnyín tuntun sì lè dá tó 80 nínú 100 ẹ̀ padà síni lójú. Ó lè jó ojú, á wá dà bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀. Òtútù ò sì ní jẹ́ kó o tètè mọ̀ pé oòrùn ń pa ẹ́. Awò oòrùn kì í ṣe fáàrí rárá.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà tún wà. Màmá àgbà wa ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ní ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n ń lò, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, aṣọ la máa ń kọ́kọ́ rà, ká tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, físà màmá àgbà á wá gbẹ̀yìn. Wọ́n á kàn sọ pé, "Ẹ máa lọ, màá bá yín ṣọ́lé." Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, wọ́n gun Olúmọ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n sì fẹ́ rí òkè yìí náà. Àwa ọmọ, ẹ wo pásípọ́ọ̀tù tiyín náà: ọdún 5 péré ni ti ọmọdé ní Ìlú Ọba, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún.

Àti kúlà ọbẹ̀ o! Ẹran àti wàrà láti Ìlú Ọba ò gbọdọ̀ wọ Swítsàlandì. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ tán nílé.

Wọ́n á ní ọmọdé máa ń gbàgbé nǹkan. Ó dáa, èmi á kọ ohun tí mo fẹ́ mú sínú ìwé, màá di í nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, màmá mi á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá rí ohun tó kù, kí wọ́n sọ fún mi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ fi gèlè wọn méjì há inú báàgì mi, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, torí èmi ni màá gbé e gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀.